Diederik Stapel àtàwọn ọmọ PhD ẹ̀: bí wọ́n ṣe gba dátà irọ́ ní Tilburg, àti bí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta ṣe tú u síta

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń sọ ìtàn Diederik Stapel, orí Stapel fúnra ẹ̀ ni wọ́n máa ń dúró sí, bó ṣe lọ́pọlọ tó, bó ṣe mọ èèyàn fà mọ́ra tó, bó ṣe di ọ̀gá nídìí sáíkọ́lọ́jì (ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìwà èèyàn) ní Nẹ́dálándì kó tó di pé àṣírí tú pé irọ́ ni ọ̀pọ̀ dátà ìwádìí ẹ̀, ìyẹn àwọn ìdáhùn àti nọ́ńbà tó yẹ kó gbà lọ́wọ́ èèyàn. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn ọmọ PhD tó wà lábẹ́ ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn, torí ọ̀rọ̀ wọn ló jẹ́ kí n rí i pé PhD lè dáa lójú gan-an o, kí owó oṣù máa wọlé, kí sùpáfáísọ̀ máa ṣe dáadáa sí èèyàn, kí àpilẹ̀kọ máa jáde ní jọ́nà ńlá ńlá, ìyẹn àwọn ìwé tí wọ́n ti ń gbé ìwádìí jáde, síbẹ̀ kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ náà má rí iṣẹ́ yẹn kọ́ rárá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí PhD ṣe rí lọ́hùn-ún. Ọmọ PhD ní Nẹ́dálándì sábà máa ń jẹ́ òṣìṣẹ́ yunifásítì, àdéhùn ọdún mẹ́rin ni wọ́n máa ń fún un, kì í sanwó iléèwé, òun ni wọ́n ń sanwó fún. Tíṣíìsì wọn nínú sáíkọ́lọ́jì, àwọn àpilẹ̀kọ tó ti jáde tàbí tó ń lọ sí jọ́nà ni wọ́n sábà máa ń so pọ̀ di ìwé kan. Lásìkò tí mò ń sọ yìí, purofẹ́sọ̀ kíkún nìkan ló lè fọwọ́ sí i pé kí ọmọ wá gbèjà ìwé ẹ̀, promotor ni wọ́n ń pè é. Ẹ wo agbára tí ìyẹn kó fún ẹnì kan ṣoṣo, òun ló gbà ẹ́ síṣẹ́, orúkọ ẹ̀ ló wà lórí àpilẹ̀kọ ẹ, òun ló máa sọ pé o ti tó gba oyè, lẹ́tà tóo máa fi wáṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn, ọwọ́ ẹ̀ náà ló ti máa wá.

Ọdún 1966 ni wọ́n bí Stapel. Ó gba PhD tiẹ̀ ní Yunifásítì Amsterdam ní 1997, ó di purofẹ́sọ̀ ní Yunifásítì Groningen ní 2000, ó kó lọ sí Yunifásítì Tilburg ní 2006, nígbà tó fi máa di 2010 ó ti di dean níbẹ̀. Sáíkọ́lọ́jì àwùjọ ni iṣẹ́ ẹ̀, ìyẹn ni pé bí nǹkan kékeré tí èèyàn ò tiẹ̀ fiyè sí ṣe ń yí ìwà ẹ̀ padà. Wọ́n á kó èèyàn jọ, wọ́n á fún àwọn kan ní fọ́ọ̀mù tó ní àwòrán báyìí, wọ́n á fún àwọn tó kù ní èyí tí àwòrán ẹ̀ yàtọ̀, wọ́n á wá wò ó bóyá ìdáhùn wọn máa yàtọ̀. Iṣẹ́ tó ń gba sùúrù ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà lèèyàn máa ṣe é tí kò ní rí ìyàtọ̀ kankan, á padà lọ tún fọ́ọ̀mù ṣe, á wá èèyàn míì, á tún bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi ibẹ̀ gan-an ni ọmọ PhD ti ń di olùwádìí, ní ọ̀sán ọjọ́ tí nǹkan tó ń retí ò jáde tó sì ní láti jókòó ronú ìdí ẹ̀.

Ibẹ̀ yẹn ni Stapel gbà lọ́wọ́ wọn. Òun àti ọmọ PhD á jọ jókòó, wọ́n á ronú ìwádìí náà dáadáa, wọ́n á kọ ìbéèrè, wọ́n á tẹ fọ́ọ̀mù jáde, kódà wọ́n á ṣètò ẹ̀bùn tí wọ́n máa fún àwọn tó bá kópa. Tó bá wá ku ká lọ gba ìdáhùn lọ́wọ́ àwọn èèyàn, Stapel á ní kó fi ìyẹn sílẹ̀ fún òun, òun mọ àwọn iléèwé kan, wọ́n ti ń bá òun ṣe látọjọ́ pípẹ́, òun ní àwọn olùrànlọ́wọ́ tó máa bá òun pín in. Á kó ẹrù sínú búùtù mọ́tò, á wa mọ́tò lọ. Kò sí iléèwé kankan tó ń lọ. Ilé ẹ̀ ló ń jókòó sí, ó ń fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ nọ́ńbà sínú kọ̀ǹpútà níkọ̀ọ̀kan títí táá fi jáde bí wọ́n ṣe jọ retí ẹ̀. Tó bá ṣe díẹ̀ á gbé fáìlì fún ọmọ náà, ọmọ á ṣe ìṣirò ẹ̀ tọkàntọkàn, á kọ àpilẹ̀kọ, inú ẹ̀ á sì dùn pé ìwádìí òun bọ́ sí i. Àwọn ọmọ yẹn ò mọ̀ o. Wọ́n tiẹ̀ kà á sí ojúrere, torí àwọn ọmọ PhD tó wà lábẹ́ purofẹ́sọ̀ míì ń sá sókè sódò kí wọ́n tó rí èèyàn tó máa kún fọ́ọ̀mù, tiwọn ń dé bá wọn lórí tábìlì.

Ọ̀kan wà nínú àwọn ìwádìí irọ́ yẹn tó dùn mí ju àwọn tó kù lọ, torí ọ̀rọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú ni. Ní April 2011, Stapel àti purofẹ́sọ̀ ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, Siegwart Lindenberg, gbé àpilẹ̀kọ jáde nínú Science, tó wà lára àwọn jọ́nà tó lórúkọ jù láyé. Wọ́n ní àwọn agbálẹ̀ stéṣọ̀n rélùwéè Utrecht ń ṣe strike, ibẹ̀ dọ̀tí, àwọn wá ní kí àwọn òyìnbó tó ń wọkọ̀ jókòó kún fọ́ọ̀mù níbi tí wọ́n to àga sí, ẹnì kan ti jókòó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó lè jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ó lè jẹ́ òyìnbó. Àbájáde wọn ni pé nígbà tí ibẹ̀ dọ̀tí, àwọn òyìnbó jìnnà sí aláwọ̀ dúdú ju ìgbà tó mọ́ lọ. Àwọn oníwèé ìròyìn gbé e káàkiri. Kò ṣẹlẹ̀ rárá. Ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà lóòótọ́, ẹni tó bá ti gbé ọ̀hún mọ̀ ọ́n lára, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó burú, torí ẹni tó bá fi irọ́ gbè wá lẹ́yìn, ó ti kó ohun tí àwọn ọ̀tá máa fi bú òótọ́ wa fún wọn. Lindenberg ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, Science sì fa àpilẹ̀kọ náà padà lọ́dún yẹn kan náà, ìyẹn ni pé wọ́n kéde pé kò ṣeé gbára lé mọ́.

Ṣé kò sẹ́ni tó fura ni? Wọ́n fura. Ad Vingerhoets, purofẹ́sọ̀ ní Tilburg níbẹ̀ tó ń ṣèwádìí nípa ẹkún, bá Stapel ṣètò ìwádìí kan, pé kí àwọn ọmọdé kun àwòrán tó ń sunkún, kí àwọn tó kù kun èyí tí kò sunkún, ká wá wo àwọn tó máa fún ọmọ míì ní suwíìtì jù. Stapel gbé àbájáde wá, ó dùn ún wò. Nígbà tí Vingerhoets ń kọ ọ́, ó béèrè pé ṣé ó lè yà á sọ́tọ̀ fún òun, ti ọkùnrin lọ́tọ̀, ti obìnrin lọ́tọ̀. Stapel ní wọn ò tíì tẹ dátà yẹn sínú kọ̀ǹpútà. Báwo? Ó ti fún un ní áfíréèjì àti ìṣirò tí èèyàn ò lè fọwọ́ lásán ṣe. Vingerhoets fi ọ̀rọ̀ lọ ẹnì kan tó ti fẹ̀yìn tì, ìyẹn sì bi í pé ṣé ó gbà lóòótọ́ pé ẹni tó wà nípò bíi ti Stapel lè máa ṣe ayédèrú. Vingerhoets panu mọ́. Purofẹ́sọ̀ ló panu mọ́ o, ẹni tí kò sẹ́ni tó lè lé e lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ìbéèrè.

Ẹ wá wo ọmọ PhD. Ọ̀kan rí i pé dátà ìwádìí mẹ́ta tí Stapel gbé fún òun ò jọra wọn, ó ní kí Stapel fún òun ní àwọn fọ́ọ̀mù tí wọ́n kún gan-an kóun yẹ̀ ẹ́ wò, Stapel ní kò sí lọ́wọ́ òun mọ́. Àwọn míì béèrè, ohun tó máa ń jẹ́ ìdáhùn ni pé ó yẹ kí wọ́n fọkàn tán òun, tàbí kó jẹ́ pé ọmọ náà ló máa kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé bóyá òun ni òun ò kúnjú ìwọ̀n fún PhD. Àti pé ọkùnrin yìí kì í ṣe òǹrorò, ibẹ̀ ló ti le jù. Ó ń pè wọ́n wá sílé ẹ̀, wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń lọ síbi eré. Báwo lo ṣe máa jẹ oúnjẹ èèyàn tán lálẹ́ Friday kóo wá sọ ní Monday pé irọ́ ló ń pa? A máa ń rò pé àwa Yorùbá nìkan ni ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà ń dí lọ́nà, pé òyìnbó máa ń bi ọ̀gá ẹ̀ ní ìbéèrè tó bá wù ú. Ìtàn yìí jẹ́ kí n rí i pé nílé ẹ̀kọ́ ìwádìí, ibi yòówù kó jẹ́ láyé, ẹni tó bá di oyè ẹ mú ti di ẹnu ẹ mú.

Àwọn tó wá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ọ̀dọ́ olùwádìí mẹ́ta ni wọ́n, wọn ò sì gbé orúkọ wọn jáde nígbà yẹn, mo rò pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọn ò sáré. Oṣù gbọọrọ ni wọ́n fi ń kó ẹ̀rí jọ, wọ́n ń wo fáìlì kan mọ́ èkejì, wọ́n ń rí ibi tí nọ́ńbà inú èyí bá ti inú ìyẹn dọ́gba lọ́nà tí kò lè ṣẹlẹ̀ láàárín èèyàn. Ẹni tí wọ́n máa lọ bá ni Marcel Zeelenberg, olórí ẹ̀ka wọn, ọ̀rẹ́ Stapel sì ni. Ẹ̀rù bà wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn wá dọ́gbọ́n, ó gbé ọ̀rọ̀ purofẹ́sọ̀ kan tó ń ṣe ayédèrú kalẹ̀ láìdárúkọ, ó ní kí ló rí sí i. Zeelenberg ní tó bá jẹ́ òótọ́, igi tó ga jù ni kí wọ́n so ó kọ́ sí. Ọkàn wọn wá balẹ̀ díẹ̀.

Síbẹ̀ wọ́n dúró di ìparí ooru ọdún 2011, nígbà tí gbogbo wọn lọ síbi àpérò kan ní London, torí wọ́n rò ó pé tó bá jẹ́ Tilburg làwọn ti sọ ọ́, inú lè bí Zeelenberg kó gba ọ̀dọ̀ Stapel lọ tààrà. Alẹ́ ni wọ́n jókòó tì í nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì tí wọ́n wọ̀ sí. Kò kọ́kọ́ gbà. Wọ́n ń gbé ẹ̀rí kalẹ̀, òun náà ń béèrè, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó aago mẹ́ta òru kó tó dìde lọ sùn. Èmi ka ọgbọ́n yìí sí iṣẹ́ ìwádìí gidi. Wọ́n wo ìwà ẹni tí wọ́n fẹ́ bá sọ̀rọ̀, wọ́n wo ibi tó máa wà, wọ́n kó ẹ̀rí tó pọ̀ tó pé ọ̀rọ̀ ò ní di tani ká gbà gbọ́. Ohun tí Stapel ò kọ́ wọn, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ọ.

Zeelenberg padà dé, ó ko Stapel lójú, Stapel sẹ́. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ rector, Philip Eijlander, ẹni tí àwa máa pè ní VC. Nígbà tí ìbéèrè pọ̀, Stapel tiẹ̀ wa mọ́tò lọ sí Groningen, ó lọ sí stéṣọ̀n Utrecht yẹn náà, ó ń wá ibi tó lè tọ́ka sí pé ibí ni òun ti ṣe ìwádìí báyìí báyìí. Kò rí ibi tó bá ohun tó kọ mu. Ọjọ́ 7 oṣù September 2011 ni yunifásítì kéde pé àwọn ti dá a dúró. Nígbà tó di November, ó dá PhD tiẹ̀ fúnra ẹ̀ padà fún Amsterdam.

Yunifásítì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ti ṣiṣẹ́ gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, Willem Levelt ló darí ti Tilburg, Ed Noort darí ti Groningen, Pieter Drenth darí ti Amsterdam. Àbọ̀ àkọ́kọ́ jáde ní October 31, 2011, èyí tó parí gbogbo ẹ̀ jáde ní November 28, 2012. Wọ́n yẹ àwọn dátà wò níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní àpilẹ̀kọ 55 ló ní ayédèrú nínú, àti tíṣíìsì PhD mẹ́wàá tó jẹ́ pé òun ló bójú tó wọn. Wọ́n sì sọ àwọn àmì tó yẹ kí èèyàn ti rí tipẹ́: ìyàtọ̀ tó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ nínú àbájáde, ohun tí wọ́n rò ló ń jáde ní gbogbo ìgbà, kò sẹ́ni tó fò ìbéèrè kankan. Ẹni tó bá ti pín fọ́ọ̀mù fún èèyàn rí mọ̀ pé ìyẹn ò ṣeé ṣe, ẹnì kan máa gbàgbé ojú ìwé kejì, ọmọ kan máa ya àwòrán bọ́ọ̀lù sí ibi tó yẹ kó ti mú ìdáhùn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé inú ẹ̀kọ́ gan-an ni ìjàǹbá yìí wà. Ká ní àwọn ọmọ PhD yẹn ti pín fọ́ọ̀mù fúnra wọn lẹ́ẹ̀kan péré ní iléèwé gidi, wọn ì bá ti mọ bí dátà èèyàn ṣe máa ń rí jákujàku, fáìlì Stapel ì bá ti ṣàjèjì lójú wọn lọ́jọ́ kìíní. Ohun tó gbà lọ́wọ́ wọn ni ojú tí wọn ì bá fi rí i. Ìgbìmọ̀ yẹn dámọ̀ràn pé kí gbogbo àpilẹ̀kọ máa sọ ẹni tó gba dátà àti ibi tí ojúlówó ẹ̀ wà. Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ìlànà ìwé nìyẹn. Tèmi ni pé kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni ní PhD nínú irú sáíkọ́lọ́jì yìí tí ò bá tíì fẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ gba dátà, àti pé kí sùpáfáísọ̀ má jẹ́ ẹyọ kan, kí ẹnì kejì wà tí oyè ọmọ náà ò sí lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ nìkan.

Ìgbìmọ̀ náà ò dúró lórí Stapel o, wọ́n ní àwọn tó wà nídìí sáíkọ́lọ́jì àwùjọ náà fàyè gba iṣẹ́ wúruwùru, pé àwọn olóòtú jọ́nà àtàwọn tó ń yẹ àpilẹ̀kọ wò fẹ́ràn ìtàn tó dán. Inú bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yẹn, ẹgbẹ́ wọn ní Yúróòpù sì fèsì pé wọ́n fi ọ̀ràn ẹnì kan ba gbogbo àwọn lórúkọ jẹ́. Ó yé mi ìdí tí inú fi bí wọn. Àmọ́ ní 2015, nígbà tí àwọn olùwádìí kó ìwádìí sáíkọ́lọ́jì 100 jọ tí wọ́n tún un ṣe, ó jẹ́ nǹkan bíi 36 nínú ọgọ́rùn-ún ló tún fi àbájáde tó nítumọ̀ hàn, ìyẹn èyí tí ìṣirò fi hàn pé kò jọ èèṣì lásán. Tilburg náà ni Michèle Nuijten ti ṣe PhD tiẹ̀, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló ṣe statcheck, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka àpilẹ̀kọ tó sì ń yẹ ìṣirò inú ẹ̀ wò. Wọ́n gbé e gba orí àpilẹ̀kọ tó lé ní 30,000, nǹkan bí ìdajì ló ní ó kéré tán ibì kan tí nọ́ńbà ò ti bára mu. Inú mi dùn gidi pé yunifásítì yẹn kan náà ni irú PhD bẹ́ẹ̀ ti jáde.

Ọ̀rọ̀ ti ìjọba ò pẹ́. Ní 2013 Stapel bá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba fẹnu kò sí iṣẹ́ ìlú wákàtí 120, ó sì yọ̀ǹda àwọn ẹ̀tọ́ kan tó yẹ kó gbà nídìí iṣẹ́. Wọn ò bá a ṣẹjọ́ pé ó kówó jẹ, torí owó ìwádìí tí ìjọba fún un, owó oṣù àwọn olùwádìí ló fi san púpọ̀ nínú ẹ̀, àwọn ọmọ PhD wà lára wọn. Ìyẹn ni pé owó náà dé ọwọ́ wọn pé pérépéré lóṣooṣù, ohun tó yẹ kí wọ́n fi owó yẹn kọ́ ni ò dé ọwọ́ wọn.

Wọn ò gba oyè lọ́wọ́ àwọn tó ti gba PhD. Àwọn kan jiyàn pé ìwé tí dátà ẹ̀ jẹ́ irọ́ ò yẹ kó di oyè mú, mi ò sí lẹ́yìn wọn rárá, torí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ yẹn, wọ́n ṣe é pẹ̀lú òótọ́ inú, ìgbìmọ̀ sì wádìí ẹ̀ pé wọn ò lọ́wọ́ nínú ayédèrú. Àmọ́ àpilẹ̀kọ lọ. Èyí tí wọ́n ti fà padà nínú ti Stapel títí di ìsinsìnyí jẹ́ 58, orúkọ àwọn tó jẹ́ ọmọ PhD nígbà yẹn sì wà lórí púpọ̀ nínú ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́ tó tẹ orúkọ wọn sínú Google lè kọ́kọ́ bá ìkéde ìfàpadà pàdé. Ohun tó ṣàánú wọn díẹ̀ ni pé nínú ọ̀pọ̀ ìkéde yẹn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé àwọn tí wọ́n jọ kọ ọ́ ò mọ ohun tí Stapel ń ṣe, wọn ò sì lọ́wọ́ sí bí dátà irọ́ náà ṣe wáyé. Ẹni tó bá rí orúkọ ọ̀kan nínú wọn níbẹ̀, kó jọ̀ọ́ kà á dé gbólóhùn yẹn.